ORÚKỌ TÍ À Ń PE ÀWỌN OHUN ÈLÒ INÁ MÀNÀMÁNÁ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi èyí kún un, pé ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó ń béèrè lè béèrè títí kí ó sì ṣìnà síbẹ̀. Ohun tí ó mú mi wí bẹ́ẹ̀ nìyí.

Nígbà tí a rán mi lọ dánra wò nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, mo bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà, tí ó ní ilẹ̀kùn ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Gílóòbù kan ṣoṣo ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, súwíìsì rẹ̀ sì wà ní ẹnu ilẹ̀kùn kan nìkan, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gba ẹnu ilẹ̀kùn kejì wọlé ní alẹ́ ní láti máa fi ọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn. Àwọn òbí dá owó jọ láti tún un ṣe. Oníṣẹ́ iná wá wò ó, ó sì wí fún mi pé, "Tíṣà, bí ẹ bá dé Akẹ̀sán, ẹ bá mi ra súwíìsì tú-wéè méjì."

Mo lọ sí Akẹ̀sán, ọjà ọba tí ó wà níwájú ààfin Aláàfin, mo sì rí bàbá kan tí ó ń ta ohun èlò iná ní àdúgbò náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, bàbá. Súwíìsì oníméjì ni mo wá rà, méjì ni mo sì fẹ́." Bàbá dáhùn pé, "O káàbọ̀, ọmọ mi. Oníméjì náà rèé." Ó kó súwíìsì méjì lé mi lọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi títẹ̀ méjì ní ojú rẹ̀. Mo sanwó, mo sì padà pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú páálí wò, ó mi orí, ó ní, "Tíṣà, tú-gáńgì ni ẹ rà wá yìí. Tú-wéè ni mo wí." Bàbá ọlọ́jà kò rẹ́ mi jẹ, ohun tí mo fi ẹnu mi béèrè gan-an ni ó fún mi. Owó ọkọ̀ tí mo fi padà lọ pààrọ̀ rẹ̀, àpò ara mi ni ó ti jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó orúkọ àwọn ohun èlò iná jọ, èyí tí ọjà ń pè àti èyí tí ìwé ń pè, mo sì rí i pé ibi tí wọ́n gbé forí gbárí pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

I. INÁ

Orí ọ̀rọ̀ náà pàápàá ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iná ni a ń pe èyí tí ń jó igi ní ààrò. Iná ni a ń pe ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú yàrá. Iná náà ni a sì ń pe agbára tí ń gba inú wáyà kọjá. Ní ọjọ́ kan mo ké láti inú yàrá pé, "Ẹ bá mi pa iná o," nítorí pé mo fẹ́ sùn. Ọmọdé tí ó wà lẹ́yìnkùlé gbọ́ mi, ó sì da omi sí iná tí ó wà lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. A sùn ní ebi ní alẹ́ ọjọ́ náà, iná yàrá mi sì wà ní títàn.

Àwọn baba wa gbìyànjú láti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Wọ́n pe ti òyìnbó ní iná mànàmáná, orúkọ náà sì bá a mu ju bí ẹlòmíràn ti lè rò lọ, nítorí pé ohun kan náà ni agbára tí ó wà nínú wáyà àti èyí tí ń bù yẹ̀rì ní ojú ọ̀run nígbà òjò. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ti fi òye yìí hàn ní ọdún 1752. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a máa pe agbára náà ní iná mànàmáná ní kíkún, kí a pe èyí tí ojú ń rí ní ìmọ́lẹ̀, kí a sì fi iná lásán sílẹ̀ fún ààrò.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ NEPA pẹ̀lú. Orúkọ àjọ ìjọba kan ni, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Orúkọ náà kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 2005, a sì pín iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013. Síbẹ̀, bí iná bá dé ní àdúgbò wa, orúkọ NEPA ni àwọn ọmọdé ń hó. Èyí kọ́ wa pé orúkọ a máa pẹ́ láyé ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ, àti pé ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé orúkọ nìkan lè máa wá ohun tí kò sí mọ́.

II. GÍLÓÒBÙ ÀTI LÁMPÙ

Ohun tí a ń pè ní gílóòbù, láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ohun róbótó ni a ti mú un. Àwọn tí ń kọ ìwé iṣẹ́ iná kì í pè é bẹ́ẹ̀. Lámpù ni wọ́n ń pè é, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ilé wa, lámpù ni àtùpà tí a ń rọ epo sí, tí a sì ń gbé kiri. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á nínú ìwé pé kí a yọ lámpù kúrò kí a tó fi ọwọ́ kan hólúdà lè máa wá àtùpà kiri yàrá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni gílóòbù ti gbà yí padà láti ìgbà tí Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ti fi tiwọn hàn ní ọdún 1879. Èkínní ni èyí tí ó ní okùn tín-ín-rín nínú, tí okùn náà ń gbóná títí yóò fi máa tàn. Èkejì ni èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti ẹ́fun tí a fi kun inú rẹ̀ ń mú tàn, bí tíúbù gígùn inú kíláàsì. Inú irú yìí ni a ti ń rí ohun tí àwọn oníṣẹ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ṣóòkù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní báláàsì. Ohun kan náà ni. Ẹ má ṣe ra méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni èlíìdì, tí kò ní okùn, tí kò sì gbóná tó ti ìṣáájú.

Nítorí ìyípadà yìí, nọ́ńbà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ń tan ni jẹ. Nígbà tí ẹnìkan bá wí pé, "Ẹ fún mi ní gílóòbù 60," ó rò pé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni òun ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́ọ̀tì ni 60 náà, èyí tí í ṣe ìwọ̀n agbára tí gílóòbù ń jẹ. Nínú gílóòbù olókùn, ohun tí ó ń di ìmọ́lẹ̀ kò tó ìpín 10 nínú 100 ohun tí ó ń jẹ. Ooru ni ìyókù. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni à ń pè ní lúmẹ́ẹ̀nì. Gílóòbù olókùn 60 wọ́ọ̀tì a máa fúnni ní nǹkan bí lúmẹ́ẹ̀nì 700 sí 800. Èlíìdì tí ó jẹ́ wọ́ọ̀tì 8 sí 10 a sì máa fúnni ní iye kan náà. Ẹni tí ó bá fi wọ́ọ̀tì nìkan ra ìmọ́lẹ̀ dà bí ẹni tí ó ń fi iye oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ jẹ díwọ̀n oko tí ó ro.

III. HÓLÚDÀ ÀTI SỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ

Ibi tí a ń ki gílóòbù bọ̀ ni à ń pè ní hólúdà. Èyí tí ó wà lára ògiri, tí a ń ki púlọ́ọ̀gì bọ̀, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí kò le fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé Amẹ́ríkà, ẹ ó sì rí i pé hólúdà ni wọ́n ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ti ìjọ C.M.S. ti tẹ̀dó ní ọdún 1896, ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1855, kì í ṣe ohun àjèjì láti bá ìwé Amẹ́ríkà nínú ilé. Ẹni méjì láti ìlú méjèèjì yìí lè jókòó kí wọ́n máa jiyàn lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó sì jẹ́ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rò.

Ẹnu gílóòbù pàápàá pín sí méjì. Ọ̀kan ní píìnì kékeré méjì ní ẹ̀gbẹ́. A óò tì í wọlé, a óò sì yí i díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn jagunjagun ti ń fi ọ̀bẹ sí ẹnu ìbọn. Orúkọ ọ̀bẹ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é. Èkejì ní ìlà yíyípo bí ti ìṣó oníyíyí. A óò máa yí i wọlé títí yóò fi dúró. Ọlọ́jà ń pe ọ̀kan ní onípíìnì, ó ń pe èkejì ní oníyíyí, orúkọ méjèèjì sì dára. Àmì tí a tẹ̀ sí ara wọn ni B22 àti E27. Lẹ́tà E dúró fún Edison. 22 àti 27 sì ni ìbú ẹnu wọn ní mìlímítà. Ẹni tí ó bá mọ àmì yìí kò ní láti mọ èdè kankan kí ó tó lè rajà.

Ẹ wo àmì fóòtì pẹ̀lú. Gílóòbù tí a ṣe fún ilé Amẹ́ríkà a máa ní 120 lára. Iná tiwa jẹ́ 230 tàbí 240. Ẹnu wọn lè bá ara mu dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan olókùn onífóòtì 120 níhìn-ín, yóò kọ yànràn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kú.

IV. SÚWÍÌSÌ

Nísinsìnyí ni mo padà sí ohun tí ó dójú tì mí. Gáńgì ni iye súwíìsì tí ó wà lórí pátákó kan. Bí ibi títẹ̀ bá jẹ́ méjì lójú rẹ̀, tú-gáńgì ni. Ó lè máa tan gílóòbù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. Wéè ni iye ọ̀nà tí súwíìsì kan lè darí iná sí. Èyí tí à ń lò nínú yàrá lásán jẹ́ ọlọ́nà kan: ibi ìde wáyà méjì ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, iná kọjá tàbí kí ó má kọjá. Tú-wéè ní ibi ìde wáyà mẹ́ta. Bí a bá fi irú rẹ̀ méjì sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì tàbí sí ìsàlẹ̀ àti òkè àtẹ̀gùn, a lè tan gílóòbù kan náà láti ìhín, kí a sì pa á láti ọ̀hún.

Ibi títẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lójú tú-wéè tí mo lọ rà, nítorí náà lójú kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé tú-wéè lè ṣe iṣẹ́ ọlọ́nà kan, ṣùgbọ́n ọlọ́nà kan kò lè ṣe iṣẹ́ tú-wéè láéláé. Ká ní mo sọ fún bàbá ọlọ́jà pé, "Mo fẹ́ súwíìsì tí a ó fi máa tan gílóòbù kan láti ibi méjì," kì bá tí ṣì í mú.

V. FÍÚSÌ ÀTI KÁTÁÓTÙ

Fíúsì ni okùn tín-ín-rín tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó má lágbára, kí ó lè yọ́ bí iná tí ń kọjá bá pọ̀ jù, kí wáyà inú ògiri má baà gbóná. Kátáótù ni àpótí tí ó wà níbi tí iná ti òpó gbà wọlé, tí fíúsì ńlá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àpótí náà ní fíúsì, wọ́n sì ń pe okùn inú rẹ̀ ní wáyà. Ìpalára wà nínú èyí: bí a bá ti pe okùn náà ní wáyà, a óò gbà pé wáyà èyíkéyìí lè rọ́pò rẹ̀, a óò sì fi èyí tí ó nípọn sí i kí ó má baà jó mọ́.

Ọ̀rọ̀ jíjó yìí náà ń ṣì wá lọ́nà. A ń wí pé gílóòbù jó, a sì ń wí pé fíúsì jó, bí ẹni pé àdánù kan náà ni. Gílóòbù tí ó jó ti parí ọjọ́ ayé rẹ̀. Fíúsì tí ó jó ti ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Ó kú kí ilé má baà jó. Iná jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù Kínní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ohun tí ó fa iná ọjọ́ náà ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé, níbi tí aṣọ àti páálí àti igi ti sún mọ́ ara wọn bí ti ọjà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi wáyà nípọn dí ojú fíúsì. Fíúsì áńpù 5 ni ó tọ́ fún ọ̀nà iná títàn lásán. Áńpù 3 ni ó sì tọ́ fún púlọ́ọ̀gì àtùpà orí tábìlì, kì í ṣe 13.

VI. ÀWỌ̀ WÁYÀ

Mo fi èyí tí ó léwu jù sí ẹ̀yìn. Wáyà mẹ́ta ni a sábà ń rí. Láìfù ni èyí tí agbára ń gbà wá. Níútírà ni èyí tí ó ń gbà padà. Èyí tí ó lọ sí ilẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì. Nínú ìlànà àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ṣì wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ ilé wa, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2006, ìlànà tuntun nìkan ni a ń lò fún iṣẹ́ tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: búráùn ni láìfù, búlúù ni níútírà, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé Yorùbá a máa ka búráùn mọ́ pupa, a sì máa ka aró mọ́ dúdú. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kò jìnnà. A ń pe ewé tútù pàápàá ní dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì kì í ṣe níútírà. Nínú wáyà fèésì mẹ́ta ti ìlànà tuntun, láìfù ni dúdú. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, dúdú ni láìfù, funfun sì ni níútírà.

Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ rẹ̀ fi ìdì wáyà kan ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Oníṣẹ́ iná àkọ́kọ́, tí ó mọ ìlànà Amẹ́ríkà, de dúdú mọ́ láìfù níbi tí iná gbà wọlé, ó sì de funfun mọ́ níútírà. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò mú un lọ kí ó tó parí iṣẹ́. Ẹlòmíràn ni ó wá fi súwíìsì àti hólúdà sí i. Ẹni yìí mọ̀ pé dúdú ni níútírà gẹ́gẹ́ bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ, nítorí náà ó gbé súwíìsì sí orí funfun. A tẹ súwíìsì, iná tàn. A tún un tẹ̀, iná kú. Gbogbo ilé sì yọ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gílóòbù náà jó. Ìyá mi kékeré pa súwíìsì gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n, ó gun àpótí, ó yọ gílóòbù, ìka rẹ̀ sì kan inú hólúdà. Iná gbé e, ó sì bì í ṣubú. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ni ó kán. Súwíìsì tí ó pa ti dí ọ̀nà àbọ̀ nìkan. Ọ̀nà tí agbára ń gbà wá sí hólúdà ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Oníṣẹ́ méjèèjì tẹ̀lé ohun tí a kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó béèrè ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń pè ní dúdú.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò wí pé kí a kẹ́gàn orúkọ tí ọjà ń lò. Gílóòbù, onípíìnì àti oníyíyí, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n, àwọn ènìyàn wa sì gbọ́ wọn yé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùkọ́ mọ orúkọ méjèèjì, kí ó sì mọ ibi tí wọ́n gbé yà. Bí a bá fẹ́ ra ohun èlò kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe, kí a tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka àmì tí ó wà lára rẹ̀. Bí ògbólógbòó bá wà, ẹ jẹ́ kí a mú un dání lọ sí ọjà. Ní ti wáyà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba àwọ̀ gbọ́. Kí á pa iná láti orísun rẹ̀, kí oníṣẹ́ sì fi tẹ́sítà dán an wò kí ó tó fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo bá dé kíláàsì ti ara mi, mo ti pinnu láti kọ orúkọ wọ̀nyí sí ojú pátákó ní ìlà méjì, ti ọjà ní apá kan, ti ìwé ní apá kejì, kí n sì kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àárín. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ni àwọn baba wa wí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìjánu náà lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó gun àpótí lọ yọ gílóòbù.